Ẹni Tó Di Orí Kejì Ọ̀pá Mú

Nínú ọ̀pá dídán tó wà lọ́wọ́ Tirhas, gbogbo ọjà Medeber tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà. Ó gbé e sókè, ó yí i díẹ̀, òrùlé páànù àwọn alágbẹ̀dẹ nà gbọọrọ, ó tẹ̀, ó sì ṣàn lọ bí omi. Ó tún yí i, ojú ọ̀run Asmara wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ìkùukùu kan ṣoṣo tí kò mọ ibi tó ń lọ. Ìró òòlù ń bọ̀ lọ́tùn-ún lósì, lára àgbá tí wọ́n fẹ́ sọ di ààrò, lára irin tí wọ́n fẹ́ sọ di bẹ́ẹ̀dì. Etí Tirhas ti mọ ìró náà débi pé bí òjò orí páànù ló ṣe ń dún sí i, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e sùn lórí ìdúró.

"Alálàá!" Bàbá bàbá rẹ̀ ló pè é. "Ṣé dígí ni mo ní kí o wò, àbí ọ̀pá ni mo ní kí o mú wá?"

"Mò ń bọ̀, Aboy."

"O ti ń bọ̀ láti àárọ̀. Ẹni tó gbéra láti Massawa ti dé, ìwọ tó wà lẹ́yìn mọ́tò ṣì ń bọ̀."

Aboy Tekeste, ìyẹn Bàbá Tekeste, ni gbogbo ọjà ń pe bàbá náà, àtọmọdé àtàgbà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tó ti ń fi ohun ẹ̀ṣọ́ sára mọ́tò àtijọ́: àwọn ọ̀pá dídán tó máa ń gba ẹ̀gbẹ́ mọ́tò kọjá bí ìgbànú, òrùka ojú iná, bọ́ńpà, lẹ́tà orúkọ tó wà níwájú. Ẹlòmíràn ló ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ẹlòmíràn ló ń kùn ún. Tirẹ̀ ni kí mọ́tò tó ti darúgbó tún jáde bí ẹni tó wẹ̀ tó sì fi tìróò sójú. Àmọ́ láti nǹkan bí ọdún méjì ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ojú náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Etí nìkan ló kù tó ṣì ń gbọ́ dáadáa.

Tirhas, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló ń bá a ṣiṣẹ́ bó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Ọmọ náà lọ́wọ́ iṣẹ́, ká má parọ́. Wàhálà tirẹ̀ kan ni pé ọkàn rẹ̀ kì í gbélé. Ẹ lè rán an lọ mú òòlù, kó dúró sójú ọ̀nà kó máa wo bí òòrùn ṣe ń gba ihò páànù wọlé.

Mọ́tò tó wà níwájú wọn lọ́sẹ̀ náà kì í ṣe mọ́tò lásán. Fíátì ni, aláwọ̀ wàrà, ti Mengis, oníṣòwò aṣọ kan tó jẹ́ èèyàn ńlá ládùúgbò, tí wọ́n ń pè ní Aya Mengis, bí wọ́n ṣe ń pe ọkùnrin àgbà níbẹ̀. Mọ́tò yìí ló gbé òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, òun náà ló máa gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní Ítálì ti fi àwọn ọ̀pá tuntun ránṣẹ́, tí wọ́n fi bébà wé bí ọmọ ọwọ́, nítorí èyí tó wà lára mọ́tò ti dógùn-ún lẹ́nu.

Ohun tó ń ba Tirhas lẹ́rù nípa iṣẹ́ yìí rèé. Habtom, bàbá rẹ̀, tó ń wa bọ́ọ̀sì ìgboro, ti sọ ọ́ ní gbangba lórí oúnjẹ pé: "Aboy, iṣẹ́ Aya Mengis nìkan ni mo fara mọ́. Bí ọwọ́ yín bá ba nǹkan olówó jẹ́ lára rẹ̀, mo máa gbé ìsọ̀ yẹn fún aláàrò tó ti ń bẹ̀ mí láti èṣí. Tirhas á sì jókòó ti ìwé rẹ̀. Èwo ni ti ọmọbìnrin tó ń fọwọ́ ha irin?"

Aboy fa ìnjẹ́rà pẹlẹbẹ ya. Ó kì í bọ ọbẹ̀ ṣiro, ó jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ náà kò dùn lẹ́nu Tirhas mọ́. Ìsọ̀ yẹn nìkan ni ibi tí wọn kì í ti í bínú sí i pé ọkàn rẹ̀ ń rìn. Níbẹ̀, ibi tí ọkàn bá rìn lọ, ọwọ́ á máa ṣiṣẹ́ lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n tú àwọn ọ̀pá ògbólógbòó kúrò. Nígbà tí wọ́n ṣí ti ìlẹ̀kùn iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n rí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sára irin lábẹ́ rẹ̀. Òòrùn kò tíì rí i láti nǹkan bí ogójì ọdún, nítorí náà ó ṣì hàn ketekete bí ẹni pé àná ni wọ́n kọ ọ́. Tirhas bẹ̀rẹ̀, ó kà á sókè.

"Abrehet ló di orí kejì mú."

Abrehet ni ìyá bàbá rẹ̀, tó ti lọ sọ́run láti ọdún mẹ́rin. Aboy na ìka, ó wá ọ̀rọ̀ náà kàn bí ẹni tó ń fọwọ́ wá ọmọ tó ń sùn.

"A ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra ni," ló wí. "Mi ò lówó tí mo fi máa gba ọmọ iṣẹ́. Òun ló ń wá bá mi di ọ̀pá mú. Ọ̀pá gígùn, ẹni kan ò lè dá a fi sára mọ́tò. Ọ̀kan á di iwájú, ọ̀kan á di ẹ̀yìn. Bí o bá dá a ṣe, á tẹ̀ láàárín, kò sì ní gún mọ́ láyé. Mo wá sọ fún ara mi pé gbogbo ayé ló máa mọ̀ pé Tekeste ló fi í síbẹ̀, ta ló máa mọ ẹni tó bá a dì í mú? Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ orúkọ ara mi rí. Orúkọ ẹni tó di orí kejì mú ni mo máa ń kọ, kí n tó fi ọ̀pá bò ó."

"Gbogbo mọ́tò tí ẹ ti ṣe?"

"Gbogbo rẹ̀. Orúkọ ìyá àgbà rẹ ń gba ìgboro Asmara kiri lójoojúmọ́, àwọn èèyàn ò kàn mọ̀ ni."

Tirhas jókòó sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mọ́tò àtijọ́ kan bá ti kọjá, á máa tẹjú mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á sì máa rò ó pé ìyá àgbà ń kọjá lọ, nínú òkùnkùn kékeré abẹ́ irin, lórúkọ tí ẹnikẹ́ni ò rí.

Nígbà tó di ọjọ́bọ̀, wọ́n ti fi bọ́ńpà, òrùka ojú iná àti àwọn ọ̀pá tó wà níwájú àti lẹ́yìn sí i. Ọ̀pá ara ìlẹ̀kùn iwájú méjèèjì ló kù. Àmọ́ ará ilé kẹta sí wọn kú, Aboy sì gbọ́dọ̀ lọ jókòó lábẹ́ àgọ́ ọ̀fọ̀ bí gbogbo ará àdúgbò ti ń ṣe. Ó de aṣọ funfun mọ́ èjìká, ó mú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀.

"Nu àwọn ọ̀pá yẹn, má tíì fi ọ̀kankan sára mọ́tò," ló wí. "Bí mo bá dé, a jọ máa gbé gbogbo rẹ̀ kọ́ ná láì tíì tẹ ọ̀kankan wọlé, ká wo bí wọ́n ṣe jókòó síra wọn. Ṣé wàá fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn tí gíláàsì rẹ̀ ò tíì gòkè?"

"Rárá, Aboy. Gíláàsì sókè kí ọwọ́ tó kan ìlẹ̀kùn."

"Ihò tuntun ńkọ́?"

"Ihò tí ẹni tó ṣe mọ́tò dá sí i la ó lò. Ibi tí ihò tuntun bá wà ni irin á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún."

"Ó káre. Ẹnu rẹ mọ̀ ọ́n. Ó ku ọwọ́."

Kò tíì pẹ́ tó lọ ni Feven, ọ̀rẹ́ Tirhas, gun kẹ̀kẹ́ dé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọmọ kíláàsì kan náà ni wọ́n. Eré kẹ̀kẹ́ máa gba ojú ọ̀nà ńlá tó kún fún igi ọ̀pẹ kọjá lágogo mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n Feven sì wà lára àwọn tó ń díje. Ní Asmara, ẹni tí kò bá lọ wo eré kẹ̀kẹ́, ó ní láti jẹ́ pé àìsàn gbé e ṣánlẹ̀.

"Tirhas! O ṣì ń nu irin? Aago mẹ́ta ti kọjá o!"

"Aboy ní kí n dúró de òun."

"Ta ni ò mọ̀ pé àgọ́ ọ̀fọ̀ kì í tú bọ̀rọ̀? Wọ́n á bu kọfí àkọ́kọ́, wọ́n á bu ẹlẹ́ẹ̀kejì, kí ẹlẹ́ẹ̀kẹta tó dé, àwọn eléré kẹ̀kẹ́ ti lọ sùn. Kí ló kù nínú iṣẹ́ náà?"

"Ọ̀pá ara ìlẹ̀kùn."

"Fi í sí i kíá ká máa lọ. Nígbà tó bá dé tó bá a níbẹ̀, ṣé kò ní yọ̀ ni?"

Kí Tirhas tó wí nǹkan kan, Feven ti ṣí ìlẹ̀kùn iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ti jókòó, ó ti pa á dé, ó ti yí gíláàsì wálẹ̀, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ojú fèrèsé. Ó mú aṣọ ìnùṣẹ́ funfun, ó fi borí.

"Èmi ìyàwó rèé," ló wí, ó ń juwọ́ sí àwọn aláàrò. "Ẹ kí mi o, ẹ̀yin òtòṣì!"

Tirhas rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ náà ti ń rọ̀, ìmọ́lẹ̀ òòrùn dà sórí mọ́tò bí oyin, gbogbo nǹkan sì dà bí ohun tí kò lè bàjẹ́. Lọ́kàn rẹ̀, ó ti rí Aboy tó dé, tó fọwọ́ pa ọ̀pá náà títí dé òpin, tó ní, "Ṣé ìwọ nìkan lo dá ṣe èyí?" Ó rí bàbá rẹ̀ náà tí ẹnu yà. Ó mú ọ̀pá kan nínú àwọn méjì tó kù, ó gbé e sára ìlẹ̀kùn náà.

Kílíìpù, ìyẹn ìkọ́ kékeré tó wà lábẹ́ ọ̀pá náà, ò bá ihò rẹ̀ mu. Ó fi ìwọ̀n èékánná kan yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó tì í, ó fà á, kò wọlé.

"Kò wọ̀ ọ́," ló wí.

"Èékánná lásán!" Feven yọrí síta. "Dírììlì wà níwájú rẹ, iná náà sì ti dé. Lu ihò mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣebí abẹ́ ọ̀pá ló máa wà? Ta ló máa ń wo abẹ́ ọ̀pá?"

Lóòótọ́, láti àárọ̀ ni iná ti lọ, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Dírììlì aládùúgbò wọn wà lórí pákó. Ohùn kan nínú Tirhas ní kó má ṣe é. Ohùn náà rọra sọ̀rọ̀, Feven sì ń pariwo. Tirhas mú dírììlì náà.

Irin ìlẹ̀kùn tín-ín-rín. Ẹnu dírììlì jẹ ẹ́ wọlé kíá, ó sì já lu nǹkan kan nínú. Ìró kan dún, kì í ṣe ìró ńlá, bí ìgbà tí èèyàn da àpò iyọ̀ sórí páànù. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

Feven gbé ìgbọ̀nwọ́ kúrò lójú fèrèsé. "Kí nìyẹn?"

Tirhas gbé dírììlì sílẹ̀. Ó ti mọ ohun tó jẹ́. Gíláàsì tó wálẹ̀ sínú ìlẹ̀kùn ló gún, gíláàsì mọ́tò tí ẹnikẹ́ni ò ṣe mọ́ ní gbogbo ayé, ó sì ti di èérún. Ó yí ọwọ́ gíláàsì, ọwọ́ náà ń yí lófo.

Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì wo ara wọn. Feven kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. "Ẹnikẹ́ni ò rí i. Gíláàsì wà nínú ìlẹ̀kùn, ihò wà lábẹ́ ọ̀pá. Bí wọ́n bá rí i lẹ́yìn ìgbéyàwó, wọ́n á ní ogbó ló fà á. Bò ó, Tirhas. Jọ̀ọ́, bò ó ká lọ."

Tirhas tẹ kílíìpù sínú ihò tuntun náà. Ọ̀pá jókòó, ó rì díẹ̀ níwájú, àmọ́ ó jókòó. Wọ́n lọ wo eré. Àwọn eléré kẹ̀kẹ́ kọjá lábẹ́ igi ọ̀pẹ bí ọ̀wọ́ ẹyẹ, gbogbo èèyàn hó yèè, Feven fò sókè nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tirhas ò rí ẹnì kan. Ìró iyọ̀ orí páànù nìkan ló ń gbọ́.

Nígbà tó padà dé, Aboy ti dé ṣáájú rẹ̀, ó dúró ti mọ́tò. Ó fọwọ́ pa ọ̀pá ìlẹ̀kùn náà lọ, ó fọwọ́ pa á bọ̀, ìka rẹ̀ sì dúró níbi tó ti rì. Ó ṣí ìlẹ̀kùn, ó tì í. Nǹkan dún nínú rẹ̀ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Ó tún ṣí i, ó tún tì í. Ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́.

Ó yíjú sí Tirhas, ó ń dúró. Tirhas wo ilẹ̀.

Nígbà náà ni Habtom wọlé, nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, tó wá wo ibi tí wọ́n bá iṣẹ́ dé. Òun náà ti ìlẹ̀kùn, ó gbọ́ ọ. Ó yí ọwọ́ gíláàsì, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta ló ṣe èyí?"

Tirhas fà sẹ́yìn.

"Ọwọ́ mi ni," Aboy wí jẹ́jẹ́. "Ọwọ́ àgbà."

"Mo sọ ọ́! Ṣé mi ò sọ ọ́?" Habtom fọwọ́ lu itan. "Aboy, ó tó. Ọ̀la ni mo máa lọ bẹ Aya Mengis. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo máa wá gba kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ yìí."

Bàbá arúgbó náà dorí kodò bí ẹni tó jẹ̀bi. Tirhas rí i. Ó yíjú kúrò. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Àmọ́ kí n sọ fún yín, ẹni tó gbé irọ́ pọ̀n kì í dúró de ogún ọdún kó tó mọ bó ṣe wúwo. Tirhas ti oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo ìgbà tí ìlẹ̀kùn ilé bá ti dún, á ta gìrì.

Nígbà tí ìkùukùu òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì ṣì bo òpópónà, tí Habtom ń mu ṣáì lórí ìdúró, Tirhas lọ bá a.

"Bàbá, èmi ni. Kì í ṣe Aboy. Aboy ò sí ní ìsọ̀ nígbà yẹn. Èmi ni mo lu ihò sára ìlẹ̀kùn láìgbé gíláàsì sókè. Èmi ni mo bò ó."

Habtom gbé ife sílẹ̀. "Kí ló dé tó ò sọ lánàá?"

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù ń bà ọ́, o wá jẹ́ kí arúgbó gbé ẹrù rẹ? Bàbá tó bí mi, mo jágbe mọ́ ọn níwájú àwọn aláàrò, o dúró síbẹ̀ ò ń wò mí?" Ojú ti Habtom náà, ó sì mú kí ohùn rẹ̀ le sí i. "Wọ bàtà rẹ. Wàá sọ ọ́ fún ẹni tó ni mọ́tò fúnra rẹ."

Ó sọ ọ́. Ní ìsọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, níwájú Aya Mengis, níwájú Aboy, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì dárúkọ Feven. Lẹ́yìn náà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tú ọ̀pá náà kúrò kí wọ́n lè rí ihò tó lù.

Ibẹ̀ ló ti rí ohun tí kò rí lánàá nítorí ìkánjú. Ihò tuntun náà bọ́ sórí orúkọ ìyá àgbà. Nínú lẹ́tà márùn-ún tí wọ́n fi ń kọ Abrehet ní ìlànà ìkọ̀wé ilẹ̀ wọn, ihò ti jẹ èyí tó kẹ́yìn.

Ẹkún bú jáde lẹ́nu Tirhas. "Aboy, mi ò rí i! Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò rí i!"

Aboy fi ìka wá ibẹ̀ kàn. Ìka rẹ̀ ka lẹ́tà mẹ́rin, ó sì bọ́ sínú ihò. Kò bínú sókè. Ì bá sàn kó bínú.

Lẹ́yìn náà ló ní kí Tirhas gbé ọ̀pá náà fún òun. Ó fọwọ́ pa á láti ìdí dé orí, ó ní kó mú ìkejì rẹ̀ wá, ó pa òun náà. "Wò ó," ló wí, "orí èyí ní ìdàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sápá òsì. Ti òsì lo gbé sí ọ̀tún." Ó gbé ìkejì sára ìlẹ̀kùn pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n yẹn, gbogbo kílíìpù rẹ̀ sì bá ihò àtijọ́ mu bí ẹsẹ̀ tó wọ bàtà ara rẹ̀. "Kò sí ìdí fún ihò kankan, ọmọ mi. Kò sí rárá."

Aya Mengis mí kanlẹ̀. "Tekeste, ìwọ ni mo gbé mọ́tò mi fún. Mi ò gbé e fún ọmọdé."

"Òótọ́ ni," Aboy dáhùn. "Àmọ́ bẹ̀rẹ̀, wo ibí yìí. Ọdún tí o gbéyàwó, èmi nìkan kọ́ lo gbé e fún nígbà yẹn náà."

Aya Mengis bẹ̀rẹ̀. Ó ka ohun tó kù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó mọ Abrehet dáadáa. Obìnrin náà ló yan búrẹ́dì hìmbáṣà tí wọ́n gbé sínú mọ́tò yẹn lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún.

"Ẹ wá gíláàsì síbẹ̀ kó tó di ọ̀la ní ọ̀sán," ló wí. "Mi ò ní san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ọmọbìnrin yìí ló máa wá fọ mọ́tò náà fún mi lóṣooṣù títí ọdún á fi yí po. Á máa rí ìlẹ̀kùn yẹn."

Ibrahim Nur, agégíláàsì tó wà ní ìpẹ̀kun ọjà, ló gbà wọ́n. Ó ní gíláàsì iwájú bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n yọ gíláàsì ìlẹ̀kùn òsì, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ó lè jẹ́ ìwọ̀n ti ọ̀tún, Ibrahim sì gé e, ó fi omi àti òkúta lọ etí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Owó iṣẹ́ náà, Tirhas ló máa fi ara san án: gbogbo Àbámẹ́ta títí di Àjíǹde ló máa fi gbá èérún ìsọ̀ rẹ̀. Ìyẹn ni pé kò ní rí eré kẹ̀kẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta wò mọ́ lọ́dún yẹn.

"Gíláàsì yìí á fà sí àwọ̀ ewé díẹ̀," Ibrahim wí. "Ẹni bá lójú á mọ̀."

"Ẹ jẹ́ kó mọ̀," Tirhas dáhùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n gbé gíláàsì wọlé, ó gòkè, ó sọ̀. Habtom dé lásìkò náà, bó ṣe ṣèlérí láti wá gba kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ náà wà lórí ìṣó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò mú un. Ó dúró, ó kó ọwọ́ sápò, ó ń wo bí bàbá rẹ̀ ṣe fẹ́ di ọ̀pá òsì mú, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ọ̀pá náà sì ń jó.

"Habtom," Aboy wí láìwẹ̀yìn, "ìwọ wá bá ọmọ rẹ di ibí yìí mú. Ó ti rẹ̀ mí."

Habtom yọ ọwọ́ lápò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di orí ọ̀pá mú. Tirhas wà ní orí kejì. Wọ́n gbé e kọ́, wọn ò tíì tẹ̀ ẹ́ wọlé, wọ́n wò ó, wọ́n tún un sún, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, tí bàbá ń wo ojú ọmọ, tí ọmọ ń wo ojú bàbá. Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ wọlé, Tirhas ti kọ ọ́ sára irin lábẹ́ rẹ̀: *Habtom ló di orí kejì mú.* Bàbá rẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ha ọ̀fun, ó ní eruku irin ti pọ̀ jù nínú ìsọ̀ náà, kí ẹnì kan máa bomi wọ́n ilẹ̀.

Ọ̀pá ọ̀tún ló kù. Tirhas ti fi òjé dí ihò tó lù, ó ti kùn ún, kí ògùn-ún má baà rí ọ̀nà wọlé. Ó yí sí Aboy.

"Aboy, kí ló dé tí ẹ fi sọ pé ọwọ́ yín ni?"

"Mo di orí kan mú," ni bàbá náà wí. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan máa wá di ìkejì. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, àmọ́ ó dé. Fún mi ní pẹ́ńsù yẹn."

Ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú kí ó má baà gbọ̀n, ó sì kọ lẹ́tà kan sórí ọ̀dà ihò náà, sí ìdí orúkọ ìyàwó rẹ̀. Lẹ́tà náà wọ́, kò jọ àwọn mẹ́rin ìyókù. Ṣùgbọ́n orúkọ náà pé. Àwọn méjèèjì jọ gbé ọ̀pá lé e, wọ́n sì bò ó.

Ní ọjọ́ Àìkú, Fíátì aláwọ̀ wàrà gba ojú ọ̀nà ọlọ́pẹ kọjá, àwọn obìnrin ń pariwo ayọ̀, òdòdó ń já bọ́ lórí rẹ̀. Ìyàwó jókòó lẹ́yìn. Gíláàsì iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún wà lókè, ó sì fà díẹ̀ sí àwọ̀ ewé nínú òòrùn. Feven, tó dúró ti Tirhas, fi ìgbọ̀nwọ́ gbún un, ojú tì í. "Mo máa wá bá ọ gbá ìsọ̀ Ibrahim," ló wí. "Àbí èmi kọ́ ni mo yí gíláàsì wálẹ̀?"

"Tètè dé," Tirhas wí. "Ìgbálẹ̀ méjì ló ní."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Iṣẹ́ tó bá gba ẹni méjì, ẹ má ṣe dá a ṣe nítorí ìkánjú tàbí nítorí ìyìn. Bí ẹ bá sì ti bà á jẹ́, ẹ tètè sọ ọ́, kí ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn dá ẹrù yín gbé, nítorí kò sí ọ̀pá tó dán tó láti bo ohun tí ọkàn ẹni ti mọ̀. Tirhas ṣì ń lálàá o. Ṣùgbọ́n kó tó fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn mọ́tò kankan, á kọ́kọ́ yí gíláàsì sókè, á sì bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó máa di orí kejì mú.